Ìdáhùn Tí Kò Dáhùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lí oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ẹlòmíràn sì lè rò pé kò tó ohun tí à ń gbé sínú ìwé ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ilé li a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ojú kékeré wò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ li ó sì ti di ohun ńlá lí òde.

Kò sí agboolé kan ní Yemẹtu, tàbí ní Òjé, tàbí ní ìsàlẹ̀ Ọjà Ọba, tí kò ní àwọn ìdáhùn kan tí kì í dáhùn ohunkóhun. Ọmọ kékeré bi ìyá rẹ̀ pé, “Ìyá, níbo lẹ ti rí mi?” Ìyá dá a lóhùn pé, “Ọjà ni mo ti rà ọ́. Kí n tó débẹ̀, àwọn tó gbọ́ràn ti tán.” Ní Yemẹtu, nítorí pé ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà nítòsí, ọjà náà kò jìnnà rárá: “Adéọ̀yọ́ la ti rà ọ́.” Ọmọ yìí kan náà lọ bá ìyá àgbà, ó ní, “Ìyá àgbà, ọmọ ọdún mélòó ni yín?” Ìyá àgbà ní, “Mo ju ọmọ àná lọ.” Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń wé gèlè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ń lọ?” Ẹ̀gbọ́n ní, “Mò ń lọ kí ìyá ọkọ rẹ.” Aládùúgbò wo ikùn ìyàwó ilé, ó bi í bóyá nǹkan ti wà níbẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní, “Mo jẹun yó ni, ìyá.” Nígbà tí ọmọ wá béèrè pé kí ni a ó jẹ lálẹ́, a ní, “Ohun tí ẹnu ń jẹ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìbéèrè sì kú síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan li a ní irú èyí. Ní 1785, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Francis Grose tẹ ìwé atúmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìgboro jáde. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé bí ọmọ bá ń tọ pinpin ohun tí ó wà nínú àpótí tàbí nínú ẹrù dídì, àwọn àgbà a máa fi gbólóhùn ẹ̀fẹ̀ kan dá a lóhùn, láti bá a wí fún òfíntótó rẹ̀. Àwọn òbí ní Jámánì a máa sọ fún ọmọ pé ẹyẹ àkọ̀ li ó gbé e wá. Bí a bá sì bi àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lí ọjọ́ orí rẹ̀, ó lè wí pé òun àti ahọ́n òun dọ́gba, ṣùgbọ́n òun fi díẹ̀ dàgbà ju eyín òun lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọ̀làjú má ṣe rò pé àìmọ̀wé li ó bí àṣà yìí. Kárí ayé li ọmọ ti ń béèrè, kárí ayé li àgbà sì ti ń wá ọ̀nà tí kò fi ní dáhùn.

Ṣùgbọ́n tiwa ní ìdí tirẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àwọn oníṣòwò àtijọ́ kò fẹ́ kí a bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, nítorí ìrìn-àjò tí a bá pariwo rẹ̀ lí ẹnu ọ̀nà, ọ̀tá lè dè é lí ojú ọ̀nà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí ìyá tí ikú ti yọ lọ́wọ́ rí mọ bí iye ti ń yí padà lóru ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a kì í pe ejò lí orúkọ rẹ̀. Okùn ni à ń pè é. Nígbà tí ṣànpọ̀nná ń pa ènìyàn, ilẹ̀ẹ́gbóná ni àwọn baba wa ń wí, wọn kì í la orúkọ náà mọ́lẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí àrùn náà fi kógbá wọlé, tí a sì kéde ní 1980 pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹni tí a tọ́ dàgbà láàárín irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì mọ̀ pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ li ẹnu ń sọ.

Ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí gbólóhùn kúkurú wọ̀nyí ń ṣe. Ìyá tí ó sọ pé òun ra ọmọ lọ́jà kò na ọmọ, kò bú u, kò sì lé e jáde. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè náà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó bá gbọ́n yóò lọ ro ó, yóò padà dé lí ọjọ́ mìíràn pé, “Ìyá, èló lẹ rà mí?” Nígbà náà ni ìyá mọ̀ pé ọmọ òun ti ń dàgbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ li à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ẹ̀kọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, agboolé li ó ń kọ́ni, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó lè kọ́ni tó o.

Ẹnìkan yóò bi wá pé, irọ́ ha kọ́ nìyí bí? Àwa tí à ń wàásù, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ, kò gbọdọ̀ fo ìbéèrè náà. Ẹni tí ó ń purọ́ fẹ́ kí a gba òun gbọ́. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé a kò ní gba òun gbọ́, ohun tí ó sì fẹ́ náà nìyẹn. Kò sí aládùúgbò tí ó gbà pé oúnjẹ li ó mú ikùn ìyàwó ilé tóbi. Ohun tí ó gbọ́ ni pé kí òun ní sùúrù, kí òun sì máa gbàdúrà. Gbogbo wa li a ti gbọ́ ìtàn baba tí ó rí olówó lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sá wọ yàrá, tí ọmọ sì jáde lọ wí pé, “Bàbá ní kí n sọ pé àwọn kò sí nílé.” A ń fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n baba yìí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀. Irọ́ li ó kọ́ ọ. Ọmọ ni kò tíì mọ̀ ọ́n pa.

Ohun méjì ni ó wá ń kọ wá lí óminú. Èkíní ni pé àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ń lọ kúrò lẹ́nu wa. Lí ọ̀pọ̀ ilé lónìí, bí ọmọ bá béèrè ohun tí ó jù ú lọ, “Pa ẹnu rẹ mọ́!” ni yóò gbọ́, tàbí kí a gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí ilé lè rọgbọ. A ń rí èso rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n mọ ìtumọ̀ òwe nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí àgbà bá fi ẹ̀fẹ̀ yẹ ìbéèrè wọn sílẹ̀, wọn a tún un béèrè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, títí ojú yóò fi ti gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Etí wọn kò gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. D. A. Ọbasá, tí ó dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, rí irú àdánù bẹ́ẹ̀ lí ọ̀kánkán. Ó kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ, ó sì fi wọ́n sínú ìwé mẹ́ta tí ó jáde ní 1927, ní 1934 àti ní 1945. Òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ rí ẹni tò wọ́n jọ. Èwo ni ti ẹ̀fẹ̀ inú ilé, tí ìyá àgbà ń sọ lẹ́bàá ààrò tí kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀?

Èkejì li ó wúwo jù, òun li ó sì mú wa gbé kálámù. Àwọn kan ń gbé ẹ̀fẹ̀ ilé lọ sí ibi tí a ti jẹ gbèsè òtítọ́. Lójú tiwa, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi lè mọ ààlà náà. Kí a bi ara wa pé: ẹni tí ó béèrè yìí, kí ni ó fẹ́ fi èsì náà ṣe? Bí ó bá fẹ́ gbọ́ nìkan, kí ó lè ní ohun tí yóò wí fún ẹlòmíràn, ẹ̀fẹ̀ tọ́ sí i. Bí ó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ fún wa, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ohun tirẹ̀ ni ó ń béèrè, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Adéọ̀yọ́ kan náà tí a ní a ti ń ra ọmọ. Ilé-ìwòsàn yìí kì í ṣe àlejò lí àdúgbò wa. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Adéọ̀yọ́ wà lára ibi tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ti ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn, títí a fi ṣí UCH ní 1957. Lí ọjọ́ tí aboyún bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ìbéèrè ni nọ́ọ̀sì yóò fi pàdé rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Nígbà wo ni ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti bímọ? Ṣé ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́yìn èyí tó kọjá? Ṣé a ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí yín rí? Obìnrin tí a tọ́ dáadáa sì lè ṣe bí a ti kọ́ ọ nílé. Ó ní òun ju ọmọ àná lọ. Ó ní àwọn ọmọ wà níbẹ̀, Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. Ìyá ọkọ tí ó tẹ̀ lé e wá rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó òun mọ̀wàhù.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò béèrè nítorí òfíntótó. Ọjọ́ nǹkan oṣù ìkẹyìn ni ó fi ń ka oṣù, kí ó lè mọ̀ bóyá ìrọbí tí ó dé ti yá jù tàbí ó ti pẹ́ jù. Ẹni tí ó ti bímọ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn agbẹ̀bí máa ń ṣọ́ gidigidi, nítorí pé ilé-ọmọ tí ó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lè má tètè sún kì lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dà lẹ́yìn ìbí kan lè tún rí i nínú òmíràn. Ẹni tí a ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ lè ya nígbà ìrọbí bí a kò bá ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá mọ èyí ṣáájú, wọn yóò ti pèsè ẹ̀jẹ̀ àti oògùn sílẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó bímọ sí ibi tí dókítà jìnnà sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbí kì í fi ọ̀pọ̀ wákàtí gbani láyè. Ẹ̀fẹ̀ tí ó dá ẹ̀rín sílẹ̀ lí òwúrọ̀ lè dá ẹkún sílẹ̀ lí alẹ́.

A kò gbé ẹ̀bi náà ka orí àwọn obìnrin nìkan. Bí nọ́ọ̀sì bá jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí ó pariwo láàárín ogún ènìyàn pé, “Ìwọ, ọmọ mélòó lo bí? Mélòó ló kú?” ta ni ọmọlúàbí tí yóò dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ tútù li ó ń yọ obì lápò. Kí ó kí aboyún kí ó tó béèrè, kí ó pè é sí ìkọ̀kọ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ fi èsì náà ṣe. Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀nà tí a lè gbà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí òwe tí ó ní kí a má ka ìkúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti kúnlẹ̀ rí?” Obìnrin lè dáhùn ìyẹn láìka ọmọ kankan, èsì náà yóò sì kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àti èyí tí ó wà láyé àti èyí tí kò dúró ni ìkúnlẹ̀ kó pọ̀. Àwa rọ àwọn tí ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí pé kí wọ́n fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kún ẹ̀kọ́ wọn.

Ibòmíràn tí ẹ̀fẹ̀ kò yẹ ni ọ̀dọ̀ ọmọ tí òbí rẹ̀ kú. Nínú ìfẹ́, kí ọmọ má baà sunkún, àwọn ará ilé a ní ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó, ó ń ra bàtà bọ̀. A mọ̀ láti inú iṣẹ́ wa bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń rí: kì í fẹ́ kí wọ́n mú òun kúrò nílé, nítorí kí ìyá má baà dé lẹ́yìn òun. Ní kẹ́yìn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan li ó máa ń là á mọ́ ọn lójú níbi eré. Láti ìgbà náà lọ, kò ní gba ohun tí àgbà ilé bá wí gbọ́ mọ́, ì báà ṣe òtítọ́. Ọmọ yìí kò tọ pinpin. Ìyá tirẹ̀ ni ó ń béèrè. Kí àgbà tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù mú un sẹ́bàá, kí ó sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ níwọ̀n, kí ó sì jẹ́ kí ó sunkún.

Ní ti owó, àwọn baba wa ti rí ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ rántí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ gbèsè bá pé tí ajigbèsè bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí wọ́n padà wá lọ́la, wọn kì í bínú, wọn kì í sì í lọ. Wọ́n ní ìlóṣòó li àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi jáde, nítorí èyí ni a ṣe ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ẹ̀fẹ̀ pàdé ẹ̀fẹ̀, owó sì jáde.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ má bínú bí a bá mú ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú. Owó ìlú dàbí aṣọ Òṣómàáló: ẹni tí ó ni ín ń bọ̀ wá béèrè. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn ní 1968 ń béèrè ohun tí a fi owó-orí wọn ṣe, tí ọ̀nà oko kò dára tí owó kòkó sì kéré, wọn kò rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Lí oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gun òkè Mápó wá, ìjà Àgbẹ̀kòyà sì gbóná títí wọ inú 1969, ẹ̀mí sì ṣòfò. Òkè Mápó ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Nígbà tí ará ìlú bá béèrè nípa owó ẹgbẹ́, owó ọjà tàbí owó ilẹ̀ ẹbí, “ẹ máa retí” kì í ṣe èsì. Ìwé ìṣirò ni èsì.

Nítorí náà, àwa bẹ àwọn mọ́gàjí pé, ní ìpàdé ẹbí tí ó ń bọ̀, kí wọ́n sọ fún àwọn ìyàwó ilé, àti fún àwọn ìyá ọkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ẹ̀fẹ̀ ilé kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu géètì ilé-ìwòsàn. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sí. Òfin ti wà láti 1992 pé kí a máa fi orúkọ ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ìwé ti ilé li ọmọ yóò kọ́kọ́ wò. Bí ìyá àgbà bá sì fẹ́ máa wí fún aládùúgbò pé òun ju ọmọ àná lọ, kí ó máa wí bẹ́ẹ̀. Ìwé yóò bá a pa ọdún rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, a fẹ́ kí olúkúlùkù òǹkàwé lọ bá àgbà obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ilé rẹ̀, kí ó gba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́, kí ó kọ ìbéèrè tí a ń fi í yẹ̀ sílẹ̀, àti orúkọ agboolé. A ó tẹ àwọn tí ó dára jù sínú ìwé yìí. A mọ̀ pé àwọn ìyá kan yóò béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ má ṣe fi ẹ̀fẹ̀ dá wọn lóhùn. Ohun tiwọn li ẹ ń gbà, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn.